Ẹ Bi Àgbẹ̀ Léèrè Kí Ẹ Tó Pàṣẹ Fún Un

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn bí a ti jókòó láti kọ̀wé nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bali, erékùṣù kékeré kan ní ilẹ̀ Indonéṣíà, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn aláṣẹ ti ṣìnà nítorí pé wọn kò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti ń rìn ín láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu jù nínú ìtàn náà ni pé nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí gbogbo ayé rò pé ẹ̀yìn àwọn aláṣẹ ni yóò wà, àgbẹ̀ ni ẹ̀rọ náà dá láre.

Ẹnikẹ́ni lè bi wá pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Bali, ilẹ̀ tí ó jìnnà sí wa tó báyìí. Ìdáhùn wa kò le. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìjọba, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yá orílẹ̀-èdè lówó ni wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà láti fi díwọ̀n ohun tí àgbẹ̀ yóò ṣe. Bí owó ajílẹ̀ bá gbówó lórí, ṣé àgbẹ̀ yóò dín oko rẹ̀ kù? Bí irúgbìn tuntun bá dé, ta ni yóò kọ́kọ́ gbìn ín, ta ni yóò sì dúró wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀? Láti mọ èyí, wọn a máa dá àgbẹ̀ kékeré-kékeré sínú ẹ̀rọ, wọn a fún wọn ní oko, wọn a fún wọn ní òfin tí wọn yóò fi máa ṣe ìpinnu, wọn a sì jẹ́ kí ọdún máa yí lórí wọn. Àgbẹ̀ inú ẹ̀rọ yìí kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, kò sì ní ìyàwó àti ọmọ láti bọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí ìjọba bá tìtorí rẹ̀ ṣe lè gba oúnjẹ lẹ́nu àgbẹ̀ tí ó ní gbogbo wọn. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń tọ́ ọmọ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ń dìbò tí ẹ sì ń polongo fún àwọn tí yóò ṣe ìjọba, mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó kù sí.

ILẸ̀ BALI ÀTI OMI RẸ̀

Erékùṣù Bali kò tóbi. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò tó 6,000 kìlómítà níbùú àti lóòró. Àwọn òkè oníná wà láàárín rẹ̀, odò sì ń ti ara òkè wọ̀nyí ṣàn lọ sí òkun nínú àfonífojì jíjìn. Ìrẹsì ni oúnjẹ wọn, ìrẹsì tí ń dàgbà nínú omi. Nítorí pé ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn àgbẹ̀ gé ara òkè bí àtẹ̀gùn, wọ́n sì mọ ebè yí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ká kí omi má baà ṣàn lọ. Wọ́n sé odò níbi gíga, wọ́n gbẹ́ ihò la inú àpáta kọjá, wọ́n sì ń pín omi láti kòtò ńlá sí kòtò kékeré títí ó fi dé oko ẹni tí ó gbẹ̀yìn.

Kò sí ẹni tí ó lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Gbogbo àwọn tí oko wọn ń mu nínú orísun omi kan náà ni ó para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní subak. A kò lè fi subak wé àáró tàbí ọ̀wẹ̀ wa pátápátá, nítorí pé àáró a máa tú ká nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ṣùgbọ́n subak kì í tú ká láé. Ó ní olórí, ó ní ìpàdé, ó ní owó ìtanràn fún ẹni tí ó bá jí omi tàbí tí ó kọ̀ láti wá ro kòtò. Àjọ UNESCO sọ pé ètò yìí ti wà láti ọ̀rúndún kẹsàn-án, ìyẹn ni pé ó ti dàgbà kí àwọn òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Subak kọ̀ọ̀kan ní ojúbọ tirẹ̀ níbi tí omi ti ń wọ oko. Ọ̀pọ̀ subak tí wọ́n ń mu nínú odò kan a sì tún ní tẹ́ńpìlì tí ó ju ìyẹn lọ, níbi tí àwọn aṣojú wọn ti ń pàdé láti fẹnu kò lórí ìgbà tí olúkúlùkù yóò gbìn, ìgbà tí yóò kórè, àti ìgbà tí ilẹ̀ yóò sinmi. Lókè pátápátá, ní etí ihò òkè oníná tí adágún Batur wà nínú rẹ̀, ni tẹ́ńpìlì Dewi Danu wà, òrìṣà obìnrin tí wọ́n gbà pé òun ni ó ni gbogbo omi. Olórí àwòrò ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Jero Gede. Bí subak kan bá fẹ́ gbẹ́ kòtò tuntun tàbí la oko tuntun, bí ìjà omi bá sì ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò lọ.

Àwọn ará Holland tí wọ́n fi ogun gba gúúsù Bali ní 1906 àti 1908 rí àwọn tẹ́ńpìlì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn nìkan ni wọ́n kà wọ́n sí. Wọ́n rò pé iṣẹ́ omi wà lọ́tọ̀, ìsìn wà lọ́tọ̀. Àṣìṣe kékeré ni ó dà bí ẹni pé èyí jẹ́ ní ìgbà náà. Ó di ńlá lẹ́yìn ọ̀la.

NÍGBÀ TÍ ÀṢẸ DÉ

Ní 1966, ilé-ìwádìí ìrẹsì tí ó wà ní Fílípínì gbé irúgbìn tuntun kan jáde tí wọ́n pè ní IR8. Ó kúrú, kì í tètè wó, ó sì máa ń so púpọ̀ bí a bá fún un ní ajílẹ̀. Ebi ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Éṣíà nígbà náà, ìjọba Soeharto ní Indonéṣíà sì ń ná owó púpọ̀ láti ra ìrẹsì wá láti òkè òkun. A kò lè bá wọn wí pé wọ́n fẹ́ kí ìrẹsì pọ̀. Ẹni tí ebi ọmọ rẹ̀ kò bá dùn kì í ṣe òbí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àṣẹ dé Bali. A fún àgbẹ̀ ní irúgbìn tuntun, ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò ní àwìn. A sì sọ fún wọn pé kí wọ́n yé dúró de ọjọ́ tí tẹ́ńpìlì dá. Kí olúkúlùkù máa gbin ìrẹsì ní kíákíá, kí ó kórè, kí ó sì tún gbìn láìsinmi. Lójú àwọn tí wọ́n pa àṣẹ yìí, ọjọ́ tí ilẹ̀ fi ń sinmi dà bí ọjọ́ tí ọ̀lẹ fi ń sùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìkórè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Bí olúkúlùkù ti ń gbìn nígbà tí ó wù ú, kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí omi yóò dé oko òun mọ́. Èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ ni ti kòkòrò. Kòkòrò kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀, tí ń fa omi ara ìrẹsì mu, bẹ̀rẹ̀ sí ya bo oko. Nígbà tí a bá kórè ní oko kan, kòkòrò a fò sí oko kejì tí ìrẹsì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, nítorí pé kò sí ìgbà kankan tí oúnjẹ tán fún un. A fún oògùn sí oko, oògùn náà sì pa àwọn aláǹtakùn àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tí ń pa kòkòrò náà jẹ. Àwọn onímọ̀ mú irúgbìn mìíràn wá tí kòkòrò náà kò lè jẹ, àrùn mìíràn tún kọlu ìyẹn. Ní 1979, iṣẹ́ ńlá kan tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tí Ilé-ìfowópamọ́ Ìdàgbàsókè Éṣíà yá wọn, láti tún àwọn ìsénà omi kọ́ àti láti fi ẹ̀rọ tuntun ṣí omi àti láti fi tì í. Ètò tẹ́ńpìlì kò sí nínú ìwé àwọn tí wọ́n ya àwòrán iṣẹ́ náà. Ní ibi púpọ̀, ṣe ni àwọn àgbẹ̀ yọ ẹ̀rọ náà kúrò tàbí kí wọ́n pa á tì.

Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn padà sí ètò tẹ́ńpìlì. Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà ni pé ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò fẹ́ ìlọsíwájú.

ÌṢÒRO MÉJÌ

Níbí ni a ti fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fara balẹ̀ bá wa ṣe ìṣirò díẹ̀. Àgbẹ̀ Bali ní ọ̀tá méjì. Èkínní ni àìtó omi, èkejì ni kòkòrò pẹ̀lú eku. Ohun tí ó sì le níbẹ̀ ni pé oògùn ọ̀tá kan ni oúnjẹ ọ̀tá kejì. Bí gbogbo àgbẹ̀ bá gbìn ní ọjọ́ kan náà, tí wọ́n sì kórè ní ọjọ́ kan náà, tí wọ́n da omi bo ilẹ̀ òfìfo, ebi yóò pa kòkòrò kú; ṣùgbọ́n gbogbo wọn yóò nílò omi ní ọ̀sẹ̀ kan náà, omi kò sì ní í tó. Bí wọ́n bá sì pín ìgbà gbíngbìn, omi yóò tó, ṣùgbọ́n kòkòrò yóò máa ti oko kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye tí àwa fúnra wa gbé kalẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àgbẹ̀ méjì wà lójú odò kan, ọ̀kan ní òkè, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀. Oko ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú 100 agbọ̀n wá bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbìn pọ̀, ará òkè yóò kó 100, ṣùgbọ́n ará ìsàlẹ̀ yóò pàdánù 40 nítorí omi, yóò sì kó 60. Bí wọ́n bá gbìn ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, omi tó fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kòkòrò jẹ 20 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì kó 80. Kí ni ará ìsàlẹ̀ yóò ṣe? Bí kò tilẹ̀ mọ ìwé, ó mọ̀ pé 80 ju 60 lọ. Yóò gbìn ní ìgbà tirẹ̀, ará òkè yóò sì já láti 100 sí 80 láìṣe ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ìgbà yìí ni ará òkè yóò wá ronú. Bí òun bá yọ̀ǹda omi díẹ̀ fún ará ìsàlẹ̀, tí ìyẹn mú òun pàdánù 10, tí àdánù ará ìsàlẹ̀ sì ti inú 40 wálẹ̀ sí 10, àwọn méjèèjì lè gbìn pọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì kó 90. Èyí sàn fún àwọn méjèèjì ju 80 lọ. Nítorí náà, kì í ṣe àánú nìkan ni ó ń mú ará òkè pín omi. Ìbẹ̀rù kòkòrò ni. Kòkòrò tí gbogbo wa ń bú ni ó ń sọ ará òkè di aládùúgbò rere. Nígbà tí ìjọba sì gbé oògùn dé, tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù kòkòrò mọ́, ó já okùn tí ó so ará òkè mọ́ ará ìsàlẹ̀, láìmọ̀ pé òun já ohunkóhun.

ÀGBẸ̀ INÚ Ẹ̀RỌ

J. Stephen Lansing, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà àwọn ènìyàn, ti ń gbé láàárín àwọn ará Bali ní àwọn ọdún tí wàhálà yìí ń ṣẹlẹ̀. Ohun kan ni òun ṣe tí àwọn yòókù kò ṣe: ó lọ sí ìpàdé subak, ó lọ sí tẹ́ńpìlì, ó sì bèèrè. Ó rí i pé ohun tí a ń pè ní ìsìn ní ètò omi nínú. Ṣùgbọ́n bí ó ti wí tó, àwọn aláṣẹ kò gbọ́, nítorí pé èdè òǹkà ni àwọn ń gbọ́, kì í ṣe èdè ojúbọ. Ni ó bá lọ bá James Kremer, onímọ̀ nípa bí ohun abẹ̀mí ṣe ń bá àyíká rẹ̀ gbé, wọ́n sì jọ gbé ọ̀rọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà.

Wọ́n mú subak 172 tí wọ́n wà láàárín odò méjì, Oos àti Petanu, ní gúúsù Bali. Wọ́n fi ibi tí subak kọ̀ọ̀kan wà sínú ẹ̀rọ, àti ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá, iye òjò, bí odò ti ń kún tí ó sì ń fà, iye omi tí ìrẹsì ń mu, àti bí kòkòrò ti ń bí sí i tí ó sì ń ti oko kan lọ sí òmíràn. Wọ́n kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ náà wò pẹ̀lú ìkórè tí àwọn subak kó ní tòótọ́, láti mọ̀ bóyá irọ́ ni yóò pa. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó sún mọ́ òtítọ́, wọ́n bi í ní ìbéèrè tí ó ń bí gbogbo ènìyàn nínú: bí subak kọ̀ọ̀kan bá ń dá gbìn nígbà tí ó wù ú ńkọ́? Bí gbogbo wọn bá gbìn lọ́jọ́ kan ńkọ́? Bí wọ́n bá tẹ̀lé ètò tẹ́ńpìlì ńkọ́? Níbi tí olúkúlùkù ti ń dá ṣe tirẹ̀, kòkòrò jẹ oko. Níbi tí gbogbo wọn ti ṣe ọ̀kan, omi kò tó. Àárín àwọn méjèèjì, níbi tí àwọn tẹ́ńpìlì ti pààlà sí gan-an, ni ìkórè ti dára jù.

Èyí nìkan ì bá ti tó, ṣùgbọ́n wọ́n tún bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè kan tí ó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: ta ni ó dá ètò náà sílẹ̀? Wọ́n pa gbogbo tẹ́ńpìlì rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ. Wọ́n jẹ́ kí subak kọ̀ọ̀kan fi orí-ire yan ìgbà gbíngbìn tirẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi fún wọn: ní òpin ọdún, wo àwọn aládùúgbò rẹ, bí ọ̀kan nínú wọn bá kó ju tìrẹ lọ, ṣe bí ó ti ṣe ní ọdún tí ń bọ̀. Kò sí ọba, kò sí àwòrò, kò sí onímọ̀ tí ó ti òkèèrè wá. Láàárín ọdún díẹ̀ inú ẹ̀rọ, àwọn subak bẹ̀rẹ̀ sí kóra jọ ní ẹgbẹẹgbẹ́ tí ń gbìn pọ̀, ìkórè gbogbo wọn ń ga sí i, àwòrán àwọn ẹgbẹ́ náà sì jọ ti àwọn tẹ́ńpìlì tí ó wà lórí ilẹ̀ ní ti gidi. Bí ìṣòro bá sì dé bá wọn, wọ́n ń tètè gbérí ju àwọn tí kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtumọ̀ èyí dáadáa. Àgbẹ̀ tí ń wo oko aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó pinnu kì í ṣe aláìmọ̀kan tí ń fara wé ẹlòmíràn. Ìwádìí ni ó ń ṣe. Ojú rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń wo ara wọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, ọgbọ́n tí yóò ti inú rẹ̀ jáde lè ju ti ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ, ó sì lè ju ti ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ní olú-ìlú lọ.

Lansing kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tí ó jáde ní 1991, òun àti Kremer sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1993. Kí ó tó di ìgbà náà, ilé-ìfowópamọ́ tí ó yá wọn lówó ti gbà pé ètò tẹ́ńpìlì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ní 2012, UNESCO kọ orúkọ àwọn oko àtẹ̀gùn Bali àti àwọn tẹ́ńpìlì omi wọn, tí ilẹ̀ wọn jẹ́ 19,500 hẹ́kítà, sínú ìwé àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Ní 2017, Lansing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi àwòrán tí a yà láti ojú ọ̀run wé ohun tí ẹ̀rọ wí. Bí àwọn oko tí wọ́n wà ní ipò kan náà ti ṣù jọ lórí ilẹ̀ bá ohun tí ẹ̀rọ sọ tẹ́lẹ̀ mu.

ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ TÁN

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí ó gbọ́ ẹnu ẹnì kan dá ẹjọ́ ni àwa yóò jẹ́ bí a bá dákẹ́ síbí. Ní 1999, Stefan Helmreich, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, kọ̀wé tako iṣẹ́ yìí. Ó ní àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà ti gbàgbé ìtàn. Àwọn ọba Bali gba owó orí, àwọn ará Holland yí ètò ilẹ̀ padà, ìjọba tí ó tẹ̀lé wọn náà sì fi ọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ kò sí ọba, kò sí òyìnbó, kò sì sí agbowó-orí nínú ẹ̀rọ. Gbogbo àgbẹ̀ inú rẹ̀ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ayé kò dọ́gba.

Lójú tiwa, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwòṣe dà bí àwòrán ilẹ̀ tí olùkọ́ fi kọ́ ara ògiri kíláàsì. Ó fi odò hàn, ó fi òkè hàn, ṣùgbọ́n kò fi ẹni tí ebi ń pa hàn. Ẹni tí ó bá yà á ni ó yan ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò ní í sí. Bí Lansing ti fi ọgbọ́n àgbẹ̀ sínú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlòmíràn lè fi àgbẹ̀ tí kò ní ọgbọ́n kankan sínú tirẹ̀, àgbẹ̀ tí ń tẹ̀ lé owó nìkan bí ajá ti ń tẹ̀ lé eegun. Ẹ̀rọ yóò sì fún un ní ìdáhùn tí ó bá irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu. Ẹ̀rọ kì í purọ́, kì í sì í sọ òótọ́. Ohun tí a bá gbìn sínú rẹ̀ ni a ó kórè.

Ìdí tí iṣẹ́ Bali fi dára ju ọ̀pọ̀ lọ, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀, ni pé ẹni tí ó ṣe é ti jókòó ní ẹsẹ̀ àgbẹ̀ kí ó tó jókòó níwájú ẹ̀rọ.

TIWA NÍLÉ

A kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Bali kí a tó rí àpẹẹrẹ àṣẹ tí kò bèèrè. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú kọlu àwọn oko tí ó yí Ìbàdàn ká, ìjọba amúnisìn rán òṣìṣẹ́ láti máa gé igi kòkó lulẹ̀. Àrùn náà kì í ṣe irọ́, gígé igi náà sì ni oògùn tí àwọn onímọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n igi tí ó ṣì ń so ni àgbẹ̀ ń rí tí a ń gé lójú rẹ̀, igi tí ó fi sanwó ilé-ìwé ọmọ, tí ó sì fi dúró fún gbèsè. Ìbínú ńlá ni ó ti ibẹ̀ jáde, ìbínú náà sì wọ inú òṣèlú. Ní 1956, Galletti, Baldwin àti Dina tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá, nínú èyí tí wọ́n ti ṣírò ohun tí ìdílé àgbẹ̀ ń pa wọlé àti ohun tí wọ́n ń ná an sí. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tún ní í pe àgbẹ̀ ní aláìmọ̀kan mọ́.

A kò sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Bí ọwọ́ ọmọdé kò ti tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òjò tí ń rọ̀ lónìí kò rí bí ti àná mọ́, kò sì sí baba àgbẹ̀ tí ojú rẹ̀ rí àtọwọ́dá irúgbìn tuntun rí kí ó tó dé. Ní Bali fúnra rẹ̀, ilé ìtura àwọn arìnrìn-àjò ń jẹ oko lọ, ó sì ń bá ìrẹsì du omi, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí ìpàdé tẹ́ńpìlì nìkan lè dá dúró. Ìmọ̀ ìwé ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí ìmọ̀ ìwé kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ìmọ̀ oko ní àárọ̀ kí ó tó máa pàṣẹ fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi èyí han àwọn ọmọ láìní ẹ̀rọ kankan. Ẹ pín òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sì kọ oṣù gbíngbìn tí ó wù ú sórí ìwé, bóyá oṣù kìíní tàbí oṣù kẹta. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yọ òkúta kan nítorí aládùúgbò kọ̀ọ̀kan tí oṣù tirẹ̀ yàtọ̀. Ìyẹn ni kòkòrò. Bí àwọn tí wọ́n yan oṣù kan bá ju ìdajì kíláàsì lọ, kí àwọn tí wọ́n wà ní ìlà ẹ̀yìn nínú wọn yọ òkúta méjì sí i. Ìyẹn ni omi tí kò dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù wo ẹni tí ó ní òkúta jù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó ṣe bí ó ti ṣe, kí ẹ sì tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n rí. Ọmọ tí ó bá ti ta ayò yìí, nígbà tí ó bá dàgbà tí ó di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn, kò ní í tètè gbàgbé ẹni tí ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé àwọn olóṣèlú náà, iṣẹ́ tiyín kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé ètò ọ̀gbìn tuntun dé gbọ̀ngàn ìpàdé, tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti fọwọ́ sí i, ẹ dìde kí ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta péré. Àgbẹ̀ wo ni ẹ fi sínú ẹ̀rọ náà? Ta ni ó sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe ìpinnu rẹ̀? Bí ètò yìí bá sì kùnà, oko ta ni yóò gbẹ?

Bí wọ́n bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ bá wọn ṣe é tọkàntọkàn. Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ ní kí wọ́n padà sí oko lọ bèèrè. Ọ̀nà kò tíì dí, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n sì ń bẹ láàyè.